Bàbà Tí Ẹlòmíràn Kò Lè Tẹ́

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Àǹtí Oníbàbà ti ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ tó wà ní ìlú tí ọkọ àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ọdún mẹ́ta náà ni ọ̀gá fi ń dá a lóhùn kan ṣoṣo: "Bí a bá parí bọ́ọ̀dù yìí." Bọ́ọ̀dù kì í tán. Bí ọ̀kan bá ti ń jáde lẹ́nu ọ̀nà, òmíràn a ti jókòó sí pálọ̀.

Kọ̀ǹpútà ló fi ń ya bọ́ọ̀dù, pátákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ. Okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀ tí iná ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n iná tó bá pọ̀ yóò jó okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà wọ́n máa ń tẹ́ bàbà fífẹ̀ sí àyè tó ṣófo, bí ẹni tẹ́ ẹní sínú yàrá. Bọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ti lífíìtì ilé gogoro: bọ́ọ̀dù náà ní ìpele mẹ́wàá àti ẹní bàbà ọgọ́ta. Bí ènìyàn bá sún okùn kan péré, kọ̀ǹpútà a tún gbogbo ẹní náà tẹ́, ogójì ìṣẹ́jú a sì lọ síbẹ̀. Ìdí nìyí tí Àǹtí fi máa ń ká wọn jọ títí iṣẹ́ á fi parí, kó tó wá tẹ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kọ́kọ́ délẹ̀ ló ni àyè. Èyí tó dé kẹ́yìn a yẹra fún un.

Orúkọ ẹbí ló fún wọn: Ìyálé, Ìyàwó, Àbúrò Ọkọ, Àlejò. Inú orí rẹ̀ nìkan ni ètò títẹ́ wọn wà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí i, torí ó rò pé ta ló lè lé ẹni tí iṣẹ́ ò lè rìn lẹ́yìn rẹ̀? Kò mọ̀ pé ògiri lòun ń mọ, òun sì wà nínú.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá gbé lẹ́tà tí yóò fi gbé Àǹtí lọ sí ìlú ọkọ rẹ̀ wọlé.

"Jẹ́jẹ́ tó jókòó tì ọ́ yìí ni yóò tẹ́ bàbà lónìí. Bí kò bá sí àṣìṣe, tí iṣẹ́ sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù jáde, mo fọwọ́ sí èyí. Ṣùgbọ́n bí o bá yanu, ó di ẹ̀yìn ọ̀la."

"Kí n má yanu rárá, sà?"

"O lè húkọ́."

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta tó jókòó tì í, nítorí ìka kan ló fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Àǹtí ti fi kọ gbogbo ètò náà sínú ìwé fún un.

"Àǹtí, kí ni Ìyálé yìí tiẹ̀ ń bá Ìyàwó fà?" ni Jẹ́jẹ́ bi í. Àǹtí fún ètè pọ̀. "Áà, mo gbàgbé. Wọ́n ti fi àgádágodo sí yín lẹ́nu."

Ogójì ìṣẹ́jú kọjá. Àṣìṣe mọ́kànlá jáde, ojú kan náà sì ni gbogbo wọn wà: Ìyálé ti na gbalaja lé Àlejò lórí. Lójú ẹsẹ̀ ni Àǹtí mọ ohun tó fà á. Àlejò ló yẹ kó kọ́kọ́ délẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ìyẹn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rántí kọ ọ́ sínú ìwé.

"Kí ni Àlejò yìí tiẹ̀ wá ṣe?" ni Jẹ́jẹ́ ń sọ fún ara rẹ̀. "Okùn kan ti so àwọn ibi tó kàn pọ̀ tẹ́lẹ̀." Ó pa á rẹ́, ó sì tún bàbà tẹ́. Ogójì ìṣẹ́jú mìíràn. Àṣìṣe: òdo.

Ọ̀gá ṣí ìdérí bírò. Jẹ́jẹ́ gbé ìka lé ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà kò purọ́; ibi gbogbo so pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Àlejò ni iná tó ń tú bíréèkì lífíìtì sílẹ̀ kó lè rìn ń gbà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè gbé e fún oṣù kan, bóyá méjì, kó tó jó. Lífíìtì yóò dúró sáàárín òkè àti ilẹ̀, ilẹ̀kùn títì, èèyàn nínú rẹ̀. Àǹtí rántí eyín iwájú ọmọ rẹ̀ tó yọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó jẹ́ pé orí fóònù ló ti rí i. Ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ àárín itan.

"Dá Àlejò padà," ló wí.

Ìka Jẹ́jẹ́ dúró lófuurufú.

"O yanu," ni ọ̀gá wí.

"Mo yanu, sà." Ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ọ̀gá fetí sílẹ̀ dópin, ó dé bírò padà, ó ká lẹ́tà náà sí méjì. Kò bínú. "Ṣé ìwọ náà rí i? Bí mo bá ní kí o máa lọ, ta ni ì bá sọ èyí fún wa?"

Ọkọ rẹ̀ pè é ní ọ̀sán.

"Ó ti fọwọ́ sí i?"

"Rárá. Mo sọ̀rọ̀."

"Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ ni mo ti ń bẹ̀ ọ́ pé kí o dákẹ́, ẹ̀bẹ̀ mi ò gbà. Kí ni ọ̀gá rẹ rò pé òun ní tí èmi ò ní?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu wọn nígbà kan náà.

"Ọmọ ń bọ̀ wá gba fóònù."

"Sọ fún un pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

Nígbà tó yíjú padà, Jẹ́jẹ́ ti dìde lórí àga fún un. Ó jókòó, ó mú Àlejò délẹ̀ ṣáájú Ìyálé, ó sì ń wo bàbà tó ń tẹ́ ara rẹ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀, láti igun dé igun.