Káàdì Pupa Kí Bọ́ọ̀lù Tó Bẹ̀rẹ̀

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Eck Mutrie fi gbá bọ́ọ̀lù fún wa ní ìlú wa, Auchenbrae. Èmi ni mo ń fọ jẹ́sì rẹ̀, ta ló máa wá parọ́ rẹ̀ fún mi? Lọ́jọ́ kan ó na ẹsẹ̀ sí agbábọ́ọ̀lù kan, ọmọkùnrin náà fò kọjá òrùlé, ó já sí ìlú kejì, ó sì ti fẹ́yàwó níbẹ̀ ká tó rí i. Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ni Eck kọ́kọ́ kàn kó tó kan ọmọ náà, fáòlù kọ́ nìyẹn!

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, wọ́n fi í ṣe kóòṣì. Á bú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ débi tí etí wọn á pọ́n, á tún fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé wọn délé.

Ní Sátidé yìí, alága ẹgbẹ́ wa ti ní bí a bá fìdí rẹmi, kí Eck máa lọ. Orí bá wa ṣe é, òtútù ti dá ìdajì àwọn alátakò wa dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n yìnyín ti mú pápá dì gbagidi, bí rẹfirí bá sì sún ìdíje síwájú, ara wọn á ti yá. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni gbogbo ìlú ti ń da omi gbígbóná sórí pápá kó lè yọ́. Àní Ishbel tó ń ta páì gbé kẹ́tùlù rẹ̀ wá.

Rẹfirí dé: Pringle, tó ti lé Eck jáde nígbà mọ́kànlá. Ó fi gìgísẹ̀ gún ilẹ̀.

"Òkúta ni, Eck."

"Ó rọ̀ bíi bọ́tà, ọ̀gbẹ́ni!"

"Bọ́tà inú fìríìjì."

"Gbá bọ́ọ̀lù yẹn wá sọ́dọ̀ mi, kó o wo bí ilẹ̀ ṣe rọ̀."

"Baba àgbà, o ti lé lọ́gọ́ta ọdún."

"Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Pringle rẹ́rìn-ín, ó ń gbá a bọ̀. Eck sáré tòun ti kóòtù àti táì, ó fìdí wọ́lẹ̀, gbàgà! Pringle fò sókè. Mo ka oókan dé ẹẹ́sàn-án kó tó balẹ̀, ojú ló sì fi balẹ̀.

Pringle dìde, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹrẹ̀," ló wí.

"Ẹrẹ̀ ni o!" la ké.

"Ó dáa, ẹ ó gbá a." Ó wá yọ káàdì pupa. "Ìwọ, jáde. Ìkejìlá rèé."

Ẹ̀yìn ọgbà ni Eck dúró sí, mo ń ti páì sí i láàárín irin ọgbà. Kò rí nǹkan kan. Nígbà tí a gbá góòlù kan ṣoṣo tó jẹ́ ká borí wọlé, ariwo wa ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, Eck sì dì mọ́ irin, ó ń sunkún sínú páì.

Nígbà tó parí, Pringle bá a níta.

"Bọ́ọ̀lù ni mo kọ́kọ́ kàn," Eck wí.

"Mo rí i," ni Pringle dáhùn. "Láti ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lé ọ jáde ni mo ti ń rí i."