Aláìsàn Tí Kò Léegun

Má-Mira ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ ńlá ya àwòrán inú ara nílé ìwòsàn náà, nítorí "Ẹ má mira" ló ń tẹnu rẹ̀ jáde láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu, àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Olùkọ́ nípa ẹja ni ẹ̀gbọ́n yìí ní yunifásítì, àkùràkudà, ẹja ńlá eléyín mímú inú òkun, ló sì gbé sọ́kàn. Ó ti ṣàlàyé fún gbogbo ẹbí, wọ́n bi í o, wọn ò bi í o, pé ẹja ọ̀hún kò léegun líle bíi tiwa. Ohun rírọ̀ bíi ti etí èèyàn ló gbé ara rẹ̀ ró, èèpo líle fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì bò ó. Tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ là á, wọ́n ti bà á jẹ́. Ẹ̀rọ àbúrò òun ló lè wò ó láìda ara rẹ̀ rú.

Ó bẹ̀bẹ̀ títí ọ̀gá ilé ìwòsàn fi gbà, ó ní kí wọ́n wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí èrò kì í pọ̀.

Àkùràkudà tó gbé wá gùn tó èèyàn. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e láti orí dé ìrù, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n ń tì í lọ. Ìyá àgbà kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó ṣubú nílé. Ìyá dìde, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mú, ó ní kó mọ́kàn le, ó sì bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n, tí kò mọ irọ́ pa, ní rárá, iṣẹ́ òun ni. Ìyá kò lóye, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ lé aṣọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ibi tó dé tí òórùn fi gbá a nímú ló ti ṣe àmín. Ó rọra sọ fún ẹ̀gbọ́n pé àìsàn yìí ti wọra.

Nínú yàrá, ẹ̀rọ náà kọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò lórúkọ, ni Má-Mira bá fi orúkọ ìdílé wọn sí i. Àwòrán àkọ́kọ́ dà bí kùrukùru. Ó dín agbára ẹ̀rọ kù, ó tún un yà, ni àgbọ̀n bá yọ pẹ̀lú eyín tó tò sẹ́yìn ara wọn, ọ̀pá ẹ̀yìn sì hàn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Omi lé sójú ẹ̀gbọ́n.

Ohun tí Má-Mira gbàgbé ni pé gbogbo àwòrán tí ẹ̀rọ náà bá yà, ọ̀dọ̀ dókítà tó ń yẹ àwòrán wò lókè ló ń lọ tààrà. Fóònù dún.

"Mo rí orúkọ yín lára àwòrán yìí," dókítà wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ṣé ẹbí yín ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e wá, sà."

"Mi ò rí ẹsẹ̀. Mi ò rí eegun gidi kan. Ṣé ó ń mí?"

"Rárá, sà."

"Látìgbà wo?"

"Láti Ọjọ́bọ̀."

Kó tó lè ṣàlàyé, dókítà ti ń sáré bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, tòun ti nọ́ọ̀sì méjì àti àgbá afẹ́fẹ́. Ó ṣí aṣọ, ni òun àti eyín bá ṣe ojú kojú. Ó fìdí kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Àwọn nọ́ọ̀sì ò mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n fún dókítà gan-an ní afẹ́fẹ́. Nígbà tó ṣe, ó béèrè pé, "Eyín mélòó ló ní?"

Láti kékeré, kò sẹ́ni tó bi ẹ̀gbọ́n ní ìbéèrè yẹn rí. Ó jókòó tì í nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Má-Mira ní kí àwọn méjèèjì lọ máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ níta, ó ní kí àwọn nọ́ọ̀sì gbé ẹja jáde, ó fi ọṣẹ fọ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pe bàbá àgbà wọlé. Ìyá béèrè ìlera aláìsàn ti ẹ̀ẹ̀kan. Má-Mira sọ òótọ́ fún un. Ìyá dúpẹ́ pé kì í ṣe èèyàn, ó wá béèrè bóyá wọ́n máa tà á.

Kò séegun kan tó ṣẹ́ lára bàbá. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n lọ sílé. Orí ọ̀rọ̀ eyín ni dókítà àti ẹ̀gbọ́n ṣì wà.