Òfin Abẹ

Ìjókòó kẹta rèé lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì ti sú gbogbo ilé. Gbọ̀ngàn káńsù móoru bí ilé ìdáná. Fáànù òkè ń yí, ó ń ké, àmọ́ atẹ́gùn rẹ̀ kò dé ara ẹnikẹ́ni. Tíṣà ló jókòó sórí àga alága lọ́jọ́ náà, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé alága gan-an lọ sílé ìwòsàn, obìnrin yìí sì ni igbákejì rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ariwo ọmọdé. Kò mọ̀ pé ariwo àgbà ló ń dúró de òun.

Òfin tí wọ́n ń jiyàn lé lórí kò gùn. Kí onígbàjámọ̀ má ṣe fi abẹ tó ti fá orí ẹnì kan fá ti ẹlòmíràn mọ́. Kó lo bléèdì tuntun fún olúkúlùkù, kó sì máa se kóòmù àti sísọ́ọ̀sì nínú omi híhó. Wolé-wolé àgbà ló mú un wá. Ó ní àìsàn ẹ̀dọ̀ tó ń mú kí ẹyinjú ènìyàn pọ́n rùsùrùsù ń ràn nílùú, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé e kiri.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti rọrùn ká ní ọkọ Tíṣà kì í ṣe onígbàjámọ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí òfin náà ti dé káńsù ni tọkọtaya náà ti ń rọra yẹra fún un nílé, bí ẹni tó ń yẹ kòtò sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Káńsílọ̀ kan wà tí wọ́n sọ ní Ọ̀rọ̀-Ò-Tán. Bàbá náà dìde, ó bèèrè bóyá abẹ tí wọ́n fi ń gé èékánná wà nínú òfin yìí. Wọ́n dá a lóhùn pé ó wà níbẹ̀. Ó tún bèèrè abẹ tí aránṣọ fi ń tú ojú rírán.

"Aṣọ kì í ṣàìsàn, bàbá," ni wolé-wolé wí.

"Mo kàn fẹ́ kó hàn pé mo bèèrè ni."

Káńsílọ̀ mìíràn ti fọwọ́ lẹ́rán, ó di ojú méjèèjì, ó ṣe bí ẹni tó ń ronú, àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Tíṣà kò jí i. Ìlara rẹ̀ ló ń ṣe é.

Akọ̀wé wá sọ pé àwọn onígbàjámọ̀ ti rán agbẹnusọ wọn wá, ó sì ṣílẹ̀kùn. Ọkọ Tíṣà ló wọlé. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló kúrò nílé tó ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ ìjáde rẹ̀ ló wọ̀ yìí, ó sì ti fi epo pa bàtà rẹ̀. Ó kí ọ̀tún, ó kí òsì, ó wá kọjú sí àga alága.

"Ẹ kú ìjókòó o, alága wa."

Ọkùnrin tó ti ń pè é ní "ìwọ" láti ìgbà ọmọge ló ń fi "ẹ" kí i yìí. Tíṣà wo tábìlì.

"Ẹ kú àbọ̀, sà," ló fi dá a lóhùn. "Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ ní."

"Kò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí tiwa lẹ jókòó tì láti ọjọ́ yìí tí ẹ ń fá, ẹ ò sì pè wá." Ilé rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀. "Abẹ tí mò ń lò, bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Mo ń pọ́n ọn, mo ń fi sípíríìtì nù ún. Mo ti fi fá irùngbọ̀n àwọn kan tó jókòó síbí yìí, mi ò ní dárúkọ. Kò sí èyí tó kú nínú yín."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ìṣirò tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà kan ló sọ sí i lọ́kàn, ọkùnrin tó fẹ́ràn kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa dán. Ojú rẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ wú, wọ́n sì gbé e lọ láìpadà wá. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti kó o.

Ọkọ rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí àkókò pé. Tíṣà wo aago, ó wò ó lójú, ó sì lu agogo.

"Ẹ ti lu agogo fún mi," ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Mo ti jókòó."

Wọ́n dìbò, ó sì di ọgbọọgba, ó wá ku ìbò alága. Ẹnì kan ń kùn lẹ́yìn pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Tíṣà gbọ́ ọ. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ìbínú gan-an kò rí àyè lára rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè. Òfin sì dúró.

Àwọn méjèèjì jọ rìn lọ sílé, torí ọ̀nà kan náà ló gbé wọn débẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ń dùn ọ́?" ni ọkọ rẹ̀ bi í nígbà tí wọ́n dé ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ.

"Ó ń dùn mí."

"Rọra."



Nígbà tí òfin fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wolé-wolé wá bá Tíṣà ní ọ́fíìsì, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. "Mà, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni. Bí ẹ bá fo ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà fún yín níbòmíràn."

Wolé-wolé lọ. Kò bá ìkòkò tí wọ́n ń fi se irinṣẹ́, kò bá bléèdì tuntun, abẹ bàbá ló bá. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa títí ohun gbogbo yóò fi pé. Ọkọ Tíṣà kò jà, kò bẹ̀bẹ̀. Ó wálé, ó yọ bàtà, ó béèrè oúnjẹ. Ó ra ìkòkò, ó ra bléèdì pẹ̀lú èkù rẹ̀ tuntun, síbẹ̀ kò lọ pe wolé-wolé pé kó wá wò wọ́n. Tíṣà rò pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa ló ṣì ń dùn ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi ń dà nínú balùwẹ̀, kò sì dá. Tíṣà kan ilẹ̀kùn, ó wọlé. Ọkọ rẹ̀ dúró síwájú dígí, ọṣẹ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára èkejì. Bléèdì tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà sì ń gbọ̀n bí ewé.

Tíṣà pa ẹ̀rọ omi. Ó dojú korobá dé, ó jókòó lé e.

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀." Ọkùnrin náà ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó ya pòkíì. "Abẹ bàbá mi wúwo. Ìwúwo rẹ̀ ló ń bá mi di ọwọ́ mú. Eléyìí fúyẹ́ jù, kò mọ̀ mí."

"O ò sì sọ fún mi."

"Níbo? Nínú gbọ̀ngàn, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún?"

Tíṣà ní, "Ká ní mo mọ̀…"

"Wàá ṣì na ọwọ́ yẹn. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́."

Òótọ́ ni. Ó dìde pẹ̀lú eékún tó ń ro ó, ó fi aṣọ ìnura nu ẹ̀jẹ̀ náà, ó gba bléèdì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fá irùngbọ̀n rí láyé rẹ̀.

"Má fà á," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó gbé àgbọ̀n sókè. "Jẹ́ kó máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Níbi ọ̀fun, rọra o. Mo ṣì fẹ́ jẹun lónìí."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó parí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ Tíṣà ránṣẹ́ sí wolé-wolé, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Onígbàjámọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà pípẹ́, ló fi àga fún. Òun fúnra rẹ̀ jókòó ti ìkòkò, ó ń se kóòmù, ó ń kí oníbàárà, ó sì ń ṣàríwísí gbogbo irun tí Jẹ́jẹ́ bá gẹ̀. Ó wí fún àwọn ènìyàn pé àgbà ló dé. Wọ́n gbà á gbọ́.

Ní káńsù, Ọ̀rọ̀-Ò-Tán dábàá pé kí wọ́n sún òfin náà síwájú di ọdún tó ń bọ̀. Odindi ọ̀sán ni wọ́n tún fi jiyàn. Àbá náà ṣubú, ó sì ní òun á tún gbé e wá.

Tíṣà jáde níbẹ̀, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Àga oníbàárà kan ṣófo. Ó ní òun kàn fẹ́ sinmi ẹsẹ̀ díẹ̀ ni. Kí ọkọ rẹ̀ tó bi í bí ìjókòó ti lọ, oorun ti gbé e, báàgì rẹ̀ ṣì wà lápá. Oníbàárà kan wọlé, ó ń wo àga náà.

"Ẹ bá wa ní sùúrù díẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí wúyẹ́wúyẹ́, ó sì dín iná ìkòkò kù kí omi má baà máa pariwo.