Ẹ̀jẹ́ Kẹrin

Láàárọ̀ ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú, Heenmenike wọ aṣọ funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò jìnnà. Inú àká ìrẹsì tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀ ni Parameswari aládùúgbò rẹ̀ sá pamọ́ sí, láti ìgbà tí wọ́n ti dáná sun ilé obìnrin náà. Ẹ̀yà Tàmílì ni Parameswari, ẹ̀yà Sìnhálà tó pọ̀ jù nílẹ̀ wọn sì ni Heenmenike. Ìròyìn ti dé pé àwọn ọlọ́tẹ̀ Tàmílì pa àwọn sójà ní ìhà àríwá, ni àwọn ọmọ ìta bá ń wá Tàmílì tí wọn yóò pa kiri, àfi bí ẹni pé opó tó ń ta epo àgbọn bíi Parameswari ló yìnbọn.

Heenmenike gbé ẹ̀kọ ìrẹsì lọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ sí tẹ́ńpìlì lónìí," Parameswari sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti inú òkùnkùn.

"Bí n kò bá lọ, wọ́n á wá wo ohun tó ṣe mí. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

"Ẹ ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ níbẹ̀ pé ẹ ò ní purọ́."

"Mo mọ̀."

"Bí wọ́n bá wá bi yín léèrè mi ńkọ́? Ẹ má torí mi ba Dharma yín jẹ́. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Mo ti gbó."

"Panu mọ́, kí o mu ẹ̀kọ rẹ. Ẹni tó ti ṣe tán láti kú kì í ráhùn pé iyọ̀ ò tó nínú ẹ̀kọ àná."

Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn jiyàn lórí Dharma yìí létí kànga. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò bára mu. Ọmọlẹ́yìn Búdà ni Heenmenike. Lójú tirẹ̀, Dharma ni òtítọ́ tí Búdà rí tó sì fi kọ́ni, bí ìyà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe ń tán, yálà a gbà á tàbí a kọ̀ ọ́. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni Parameswari. Lójú tirẹ̀, Dharma ni ojúṣe tí ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé lé e lórí: ti ìyá yàtọ̀ sí ti ọba, ti onílé yàtọ̀ sí ti àlejò. Heenmenike a ní, "Tiyín ti pọ̀ jù, ta ló fẹ́ rù ú?" Parameswari a ní, "Tiyín ni ò mọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ." Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a pọn omi wọn lọ sílé. Lónìí kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ mọ́.

Ní tẹ́ńpìlì, àwọn obìnrin aláṣọ funfun kún ilẹ̀ bámúbámú. Ẹ̀gbẹ́ Heenmenike gan-an ni Dingiriamma wá jókòó sí. Nínú gbogbo èèyàn abúlé! Wijepala ọmọ Dingiriamma ni olórí àwọn tó ń sun ilé kiri. Heenmenike kí i, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀.

Àlùfáà àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀jẹ́ mẹ́jọ tí àwọn tó ń gbààwẹ̀ máa ń jẹ́ lọ́jọ́ òṣùpá àrànmọ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn sì ń tún un kà tẹ̀lé e. Èkíní ni pé àwọn ò ní pa ohun ẹlẹ́mìí. Gbogbo ẹnu ló ké e sókè ketekete, títí kan àwọn tí ọmọ wọn wálé pẹ̀lú òórùn èéfín lára. Inú bí Heenmenike, ẹ̀rù sì tún borí inú tó ń bí i. Wọ́n ka èkejì, wọ́n ka ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹrin ni ti irọ́. Bí ó bá kà á, ohun tó mọ̀ pé òun máa dà ló ń jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú Búdà. Bí kò bá sì kà á, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbọ́ pé kò kà á, á sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fà á. Ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Àwọn tó kù kà á tán. Dingiriamma yí ojú, ó wò ó.

Bí wọ́n ti ṣe tán, Heenmenike ní orí ń fọ́ òun, ó gba ọ̀nà ilé. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Menike, rọra. Jẹ́ kí n sìn ọ́ délé."

"Ìyá Wijepala, má ṣèyọnu. Padà sí tẹ́ńpìlì."

"Orí tó ń fọ́ èèyàn kì í jẹ́ kó sáré báyìí," Dingiriamma wí, ó sì ń bọ̀.

Kí ni obìnrin yìí ń wá? Bóyá ọmọ rẹ̀ ló rán an. Aṣọ lè funfun kí inú máà funfun. Nígbà tí wọ́n délé, Dingiriamma jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí kò ní í lọ mọ́. Heenmenike ń bu omi fún un lọ́wọ́ nígbà tí ikọ́ dún láti inú àká. Òun náà sáré wúkọ́, ó wú u títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ikọ́ yìí le," ni Dingiriamma wí. Ó ń wo ilẹ̀.

"Láti àná ni."

"Kó o máa ṣọ́ra."

Kò pẹ́ tí Wijepala àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi dé ẹnu ọ̀nà. Àdá wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀, ó dúró díẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mo wá bá ọ̀rẹ́ mi jókòó. Ìwọ ńkọ́?"

Wijepala yí kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Heenmenike ló kọjú sí. "Ìyá Menike, gbogbo ilé la ti wò, ó ku tiyín. N kò ní tú ilé tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀. Ẹ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹ kì í sì í purọ́. Ẹ fi ẹnu yín sọ fún mi. Ṣé obìnrin Tàmílì yẹn wà níbí?"

Heenmenike mọ̀ pé irọ́ náà ti wà létè òun, ó sì mọ̀ pé ojú òun máa tú àṣírí òun.

"Kò sí níbí," ni Dingiriamma wí. "Láti tẹ́ńpìlì ni mo ti wà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi yìí, mo sì ti wọ inú ilé dé ẹ̀yìn. Èmi ìyá rẹ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun yìí lọ́rùn mi. Àbí o fẹ́ kí n tún un sọ?"

Wijepala wo ìyá rẹ̀ lójú pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo aṣọ funfun náà, ó sì yí padà. Àwọn yòókù tẹ̀lé e.

Heenmenike dúró títí ìró ẹsẹ̀ wọn fi tán lójú ọ̀nà. Ó lọ ṣí àká. Parameswari jáde, ìyàngbò ìrẹsì bo irun rẹ̀, ó sì wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Dingiriamma. Dingiriamma fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Má kúnlẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ tí ilé rẹ jó, èmi ni mo fọ òórùn kẹrosíìnì kúrò lára aṣọ Wijepala. N kò bi í léèrè nǹkan kan. Nígbà tí Menike gbé ẹ̀jẹ́ kẹrin mì láàárọ̀ yìí, mo ti mọ̀ pé o wà níbí, mo sì mọ̀ pé ọmọ mi máa wá. Kì í ṣe ìwọ ni mo gbà sílẹ̀. Ọmọ mi ni."

Parameswari dìde. "Dharma ti ìyá nìyẹn," ó wí, ó sì padà wọ inú àká.

Heenmenike ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Dingiriamma lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ gbà lọ. Ilẹ̀ kò tíì ṣú, wọ́n ṣì lè padà wá.