Mọ́tò Tí Kò Wọlé Tán

Bàbá Ṣadé, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá mi kó tó fò lọ́kàn mi. Inú eré tuntun tí a jọ jókòó wò yìí ni mo bá ara mi, wọ́n fi mí ṣe mégáàdì. Ìyá inú eré náà ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ sọ ẹni tó jẹ́ bàbá ọmọ rẹ̀ fún un kó tó dákẹ́. Obìnrin yẹn mà mọ eré ṣe o! Kò tíì la ẹnu tí ẹkún mi ti mú kí ìró mi rin gbindin.

Ọmọ ọ̀hún dé, mo ṣí géètì, mọ́tò rẹ̀ ń wọlé. Ó ń wọlé. Ó ń wọlé ṣáá. Imú rẹ̀ ti dé pálọ̀, ìdí rẹ̀ ṣì wà ní títì, apá ń ro mí. Mo pariwo pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, màmá yín ń kú lọ!" Ó rọra yọ awò dúdú ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, mà, apá kìíní eré la ṣì wà."

Bẹ́ẹ̀dì ìyá náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì báyìí, ó fà mí mọ́ra kó lè sọ ọ́ fún mi. Bó ṣe la ẹnu, orin burúkú kan bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní, "Kí lẹ wí, mà?" Orin tún lọ sókè.

Ibi tí mo ti fẹ́ fìbínú ti géètì yẹn ni mo ta jí. Ẹ̀yin rèé, ẹ di rìmóòtù mú. Mo wo tẹlifíṣọ̀n. Mọ́tò yẹn ò tíì wọlé tán.