Omi Òbó-Ilé Lókè Òkun

Nǹkan tí Adépéjú ní kí ìyá òun bá òun mú bọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. "Màmá, ẹ fi èlùbọ́ sílẹ̀, èlùbọ́ wà níbí. Omi àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni kí ẹ bá mi gbé wá." Ọjọ́ kejì tí Màmá bá gúnlẹ̀ sí Mansẹ́sítà, ìlú Òyìnbó tí Péjú ń gbé, ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Péjú, ẹ̀rù sì ń bà á.

Màmá Ọmọ́níkẹ́, ìyá Péjú, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Aládùúrà paraku láti Òbó-Ilé, gbọ́ ti omi, kò gbọ́ ti èlùbọ́. Èlùbọ́, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ló rọ́ sínú àpótí tó lọ sínú ikùn ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ki omi tí Wòlíì Adégbóyè gbàdúrà sí bọ abẹ́ ẹja? Àyà ló gbé ike omi náà mọ́ bí ọmọ tuntun, títí ó fi dé pápákọ̀ òfurufú ní Àbújá.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n kọ Badirat sí àyà aṣọ rẹ̀ dá a dúró.

"Màmá, omi ò gbọdọ̀ kọjá ibí o. Ẹ dà á sínú garawa yẹn."

"Kí n da kí ni nù?" Ojú Màmá le bí ìgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò. "Éè ṣe omi lásán o, ọmọ mi. Omi àdúrà ni. A kì í dà á nù l'úlé wa, mímu là á mu ún."

"Ẹ mu ún nígbà náà, mà."

Badirat ò mọ irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Màmá bọ́ bàtà bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó gbé ike sẹ́nu, ó mu, ó mu, títí inú rẹ̀ fi ń dún. Omi ò tíì dé ìdajì. Ló bá yíjú sí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀: "Ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn, kó wá!"

Ká má purọ́, ta ló ń ti Nàìjíríà lọ sókè òkun tí kò ní ẹ̀dùn ọkàn? Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀kúnlé tó wọ kóòtù ló kọ́kọ́ na ọwọ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Badirat fúnra rẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní "Bísímílà," ó mu ẹnu kan. Wọ́n ní ike òfìfo lè kọjá, Màmá sì rọ́ ọ sínú àpò tayọ̀tayọ̀.

Ìgbà tó jókòó tán nínú ọkọ̀ ló rántí Péjú. "Yéè! Mo ti pín ìpín ọmọ mi fún ará ọ̀nà!" Ó dùn ún dọ́kàn. Ṣùgbọ́n omi tó mu ò jẹ́ kó ráyè sunkún. Ayọ̀kúnlé ló jókòó tì í. Bí Màmá bá ti ilé ìyàgbẹ́ dé, òun náà á sáré lọ.

"Omi yìí ń ṣiṣẹ́, Màmá," ló ń wí.

Péjú ti ń dúró ní òtẹ́lì tó gbà fún ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù. Ó ti rù. Ó dì mọ́ Màmá, kò tètè fi í sílẹ̀.

"Omi náà ńkọ́?"

Màmá mú ike òfìfo jáde, ó ro gbogbo ẹjọ́ bó ṣe rí. Péjú rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́, ẹ̀rín tán, omijé ò dúró. "Màmá, ẹ̀rù ń bà mí o."

Màmá gbé ike náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ iná. Ó ku ẹ̀kán díẹ̀ nídìí rẹ̀. Ló bá rántí àmù ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Láti kékeré Màmá, wọn kì í jẹ́ kí àmù náà gbẹ. Bó bá ti ń lọ sílẹ̀, obìnrin tó bá kọ́kọ́ dé á pọnmi kànga lé èyí tó kù, gbogbo rẹ̀ á sì di omi àdúrà. Wòlíì kankan kì í tún gbàdúrà sí i.

Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó pọn ike náà kún. Ó bọ́ bàtà. Péjú náà bọ́ tirẹ̀, ó gba ike, ó mu.

"Ó dùn bí ti ulé," ló wí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Màmá ti gbọ́ èdè Òbó lẹ́nu ọmọ yìí. Ara rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n bí Péjú ṣe fẹ́ mu omi náà tán, ó yára di ike mú.

"Fi díẹ̀ sílẹ̀. Òun la ó pọn ti ọ̀la lé, tí o bá jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ."