Ìkíni Kan Kù ní Oko Ìrọ̀rùn

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kí mi bọ̀! Bó bá ti jẹ́ ìkíni Yorùbá, kò tíì sí èyí tí wọ́n máa kí Akíndé tí èsì rẹ̀ ò ní ti dúró sẹ́nu mi kí ẹni náà tó pa tiẹ̀ dé!"

Bàbá Akíndé ló ń lérí bẹ́ẹ̀. Ó gbá tábìlì Alhaji Síkírù pàá, kọ̀ǹpútà orí ẹ̀ sì mì gìrì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ará Èkìtì ni bàbá. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ọ̀tọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì sí Ìbẹrẹkò, lẹ́bàá Àgbádárìgì. Àsìkò ìjọba sọ́jà ni. Epo bẹntiróòlù di ohun àwátì ní ilẹ̀ tó ń gbẹ́ epo, owó ìfẹ̀yìntì bàbá sì ń bọ̀, ó ń bọ̀, a ò mọ̀ bóyá ìgbín ló gùn bọ̀.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Níyì, wà lókè òkun. Sọ́jà ló ti yunifásítì pa títí ó fi sú u, ló bá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ló ti ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe eré inú kọ̀ǹpútà. Eré oko ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá jókòó tì í á máa ro oko, á máa gbìn, á máa kórè, láìní kó erùpẹ̀ kankan séèékánná, àwọn ará abúlé inú rẹ̀ á sì máa kí i bó ti ń kọjá. Níyì ní kí eré náà gbọ́ Yorùbá. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ta ló máa túmọ̀ ẹ̀? Ó ní bàbá òun.

Ni bàbá bá ń pe ọ̀rọ̀, tí Déọlá, àbúrò Níyì, ń tẹ̀ ẹ́. Ilé ìtẹ̀wé Alhaji Síkírù ni Déọlá ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni tẹlifóònù kan ṣoṣo tó ń dún ládùúgbò wà. Oko Ìrọ̀rùn ni bàbá sọ eré náà.

"Ìkíni kan ṣoṣo ni àwọn òyìnbó yìí fún gbogbo abúlé?" bàbá figbe ta. "Ẹni tó ń kọ ebè, ẹni tó jókòó, ẹni tó ń tibi odò bọ̀, ohun kan náà? Ṣé abúlé ni àbí ọgbà ewúrẹ́?"

Ló bá kó ìkíni jáde. Ti iṣẹ́, ti ìjókòó, ti ọ̀gbẹlẹ̀, ti ìnáwó. Kò pẹ́, ó kan ti ikú. Níyì rẹ́rìn-ín títí lórí tẹlifóònù.

"Bàbá, ẹnikẹ́ni kì í kú nínú eré yìí o."

"Abúlé tí wọn kì í kú! Ìwọ Níyì, ta ló fẹ́ lọ gbé ibẹ̀? Ẹni tó bá débẹ̀ á mọ̀ pé irọ́ ni."

"Ó dáa, Bàbá. Mo gbọ́. Màá fi í sínú àfikún."

Àfikún yìí ni apá tuntun eré náà, tí wọn ò ní kó sínú páálí tí wọ́n fi ń tà á. Inú wáyà tẹlifóònù ni yóò gbà wá, kí kọ̀ǹpútà máa fà á mu díẹ̀díẹ̀, bí ẹni fi pòpórò fa ẹmu.

Bàbá pe "Ẹ kú aráfẹ́rakù" fún ẹni tí àgbàlagbà rẹ̀ kú, ó sì fi èsì tì í. Ó wá pe "Ẹ kú ọ̀fọ̀" fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Ó fẹ́ kọjá sí òmíràn.

"Èsì tiẹ̀ ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá ta ìka yí orí ká. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ìkíni ọ̀fọ̀ nígbà tí ọ̀fọ̀ ò ṣẹ̀ ẹ́? Fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lérí pé kò sí èyí tí ẹ ò ní èsì rẹ̀."

"Ẹnu rẹ gùn ju imú rẹ lọ, Déọlá. Tẹ ohun tí mo ní kó o tẹ̀."

Ohùn tó tún pè láti òkè òkun kì í ṣe ti Níyì mọ́.

Déọlá ló gbé e. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ọkọ̀ Níyì yọ̀ lórí yìnyín. Wọ́n pè títí kó tó wọlé; wọ́n ti sin ín. "Àwa ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ máa fi ìkíni ránṣẹ́ sí bàbá yín," ni ọkùnrin náà fi kádìí ọ̀rọ̀. Déọlá dúró, ó di tẹlifóònù mú lẹ́yìn tó ti dákẹ́, bí ẹni pé bí òun ò bá gbé e kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò tíì ṣẹlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, a kì í ju irú ọ̀rọ̀ yẹn lu bàbá ọmọ bí òkò. Àgbà ìdílé ló ń tú u, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó ti wà léjìká. Èkìtì ni Bàbá Mákánjú, ẹ̀gbọ́n bàbá, wà; Déọlá ránṣẹ́ pè é, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò rìn torí epo. Dókítà ti kìlọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá, ó ní kí wọ́n má fi ìjayà kankan ṣeré lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, títí ẹ̀gbọ́n yóò fi dé, Déọlá gbọ́dọ̀ pa ẹnu àdúgbò mọ́.

Àdúgbò gbà. Ṣùgbọ́n áà, ẹ wo àwọn tó fẹ́ ṣe tíátà! Alhaji Síkírù ń sunkún, ó ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, jẹnẹrétọ̀ tí kò tíì mu epo láti oṣù tó kọjá. Safiyat ìyàwó rẹ̀ gbé ẹja yíyan láti Àjìdó wá fún bàbá, odidi agbọ̀n, bí ẹni ń gbé ìdána. Bàbá wo ẹja, ó wo Déọlá.

"Kí ló ṣe àwọn èèyàn yìí? Safiyat kí mi kú ìjókòó. Orí ìdúró ni mo wà!"

"Ó rẹ̀ wọ́n ni, Bàbá."

"Ìkíni kì í rẹ èèyàn."

Déọlá lọ bá àwọn ará pọ́ọ̀sì ní Àgbádárìgì. Ó bẹ̀ wọ́n pé bí káàdì kankan bá ti òkè òkun dé, òun nìkan ni kí wọ́n kó o fún. Gbogbo ilẹ̀kùn ló sé. Kò rántí wáyà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó ń fà.

"Ó dé o!" bàbá hó yèè. "Àfikún Níyì dé!"

Omijé lé ròrò lójú Déọlá. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ìkẹyìn nìyí. Ó rò ó pé ibi wo ni iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ lè ṣe bàbá? Ẹ jẹ́ kó fi yọ̀ kí ìbànújẹ́ tó dé. Òun fúnra rẹ̀ ló fa àga fún un, ó nu ojú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀.

Oko Ìrọ̀rùn ṣí. Obìnrin tó ń pọnmi jáde. Ọ̀rọ̀ yọ lókè orí rẹ̀: *Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Bàbá.*

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ó fi í sí i! Ṣé ẹ rí i? Níyì gbà pé bàbá ló mọ̀ ọ́n!"

Alágbẹ̀dẹ jáde. *Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Bàbá.*

"Ó dáa, ta ló kú? Ẹ jẹ́ ká lọ kí bàbá ọmọ."

"Bàbá," Déọlá ní, "ẹ jẹ́ ká pa á, NEPA ò ní pẹ́ mú iná."

Kò gbọ́. Ó ń wá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Darandaran kí i. Àwọn ọmọdé tó ń ta òkòtó kúnlẹ̀, wọ́n kí i. Kò sí ẹni tó ń kí ẹlòmíràn. Ó dé oko tuntun tí àfikún mú wá, ebè iṣu lọ súà, ọkọ́ kan dá dúró lórí ebè, wọ́n sì kan pátákó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: OKO NÍYÌ.

Ìkíni tí àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ Níyì ṣèlérí nìyí; wọ́n rò pé bàbá ti gbọ́ ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọn kì í fi ikú pamọ́.

Gbogbo abúlé pé yí oko náà ká. *Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Bàbá.* Ibi tí èsì máa ń wà ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, òfìfo, ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀, ó ń dúró de Akíndé. Ọwọ́ bàbá wà lórí bọ́tìnnì.

Déọlá wólẹ̀, ó di orúnkún bàbá mú. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó fi síbẹ̀. Kò ṣubú. Kò sunkún. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò títí NEPA fi mú iná lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá Mákánjú dé láti Èkìtì pẹ̀lú àwọn àgbà méjì. Wọ́n jókòó, wọ́n gba omi, wọ́n kò mu ún. Déọlá fẹ́ ṣẹ́jú sí wọn pé bàbá ti mọ̀, bàbá sì dì í lọ́wọ́ mú.

"Akíndé," Bàbá Mákánjú bẹ̀rẹ̀, "igi kì í dá lóko kó pa ará ilé. Wọ́n ní ara Níyì ò fi bẹ́ẹ̀ le."

Alhaji Síkírù wúkọ́. Safiyat yíjú sógiri.

"Wọ́n tiẹ̀ ti gbé e lọ ọsibítù," àgbà kejì tì í lẹ́yìn.

"Àwọn dókítà ibẹ̀ sì mọṣẹ́ o," ẹnìkẹta ní. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ọlọ́run ni ẹ̀mí wà..."

Bàbá Akíndé wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì.

"Gbogbo abúlé ti kí mi láti ọ̀sán," ó ní. "Ẹ̀yin ló kù."